Omi Tí Ó Wọ Ilé Wa Kì Í Ṣe Omi Kan Náà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó bù kún iyì mi. Ìyàwó mi tilẹ̀ ní kí n má kọ ọ́, pé àwọn tí mo kọ́ ní ìwé yóò kà á, wọn yóò sì mọ̀ pé Tíṣà wọn náà a máa ṣìwà hù. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 28 ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú ní ìlú Ìlọrin yìí, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ àti bí odò ṣe ń ṣàn; síbẹ̀, nígbà tí omi dé ẹnu ọ̀nà tèmi, n kò mọ irú omi tí í ṣe. Àìmọ̀ yìí ni ó mú mi sọ aládùúgbò mi di ọ̀tá, òun náà ni ó sì kù díẹ̀ kí ó pa ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Àwọn baba wa kò pe gbogbo omi ní orúkọ kan. Àgbàrá ni èyí tí òjò dà sílẹ̀ tí ó ń sáré wá ibi tí yóò gbà. Odò a máa kún, a sì máa ya bèbè. Ìsun ni èyí tí ń ti inú ilẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá ti wọ yàrá ẹni, gbogbo rẹ̀ di omíyalé, ẹnu a sì máa yá wa láti dárúkọ ẹni tí ó fà á.

Ilé wa wà ní ìsàlẹ̀, ní ibi tí ilẹ̀ ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Odò Asà. Ẹni tí ó bá mọ Ìlọrin mọ̀ pé odò yìí ni ó la ìlú sí méjì: Ọjà Ọba, ààfin Ẹ́míà àti àwọn agbo-ilé àtijọ́ wà ní apá ìwọ̀-oòrùn, Fáté àti Tánkè wà ní apá ìlà-oòrùn. Gúúsù ni odò náà ti ń bọ̀, láti ìhà ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àríwá ni ó sì ń lọ, títí omi rẹ̀ yóò fi dé Odò Ọya. Níwájú ilé wa ni títì àti gọ́tà wà. Lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ tún rẹlẹ̀ sí i, àwọn kan ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, lẹ́yìn oko ẹ̀fọ́ ni odò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iwájú àti ẹ̀yìn yìí sọ́kàn.

Aṣọ òkè ni ìyàwó mi ń tà. Ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ìlú wa ni ó ti ń kó o, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní iwájú ilé wa, ó dojú kọ títì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn ìrun alásárì, òjò ṣú. Ìjì kọ́kọ́ jà, ó ṣí páànù lórí ilé kan ní òdìkejì, lẹ́yìn náà ni òjò tú dà sílẹ̀. Kò rọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó wí, kí a tó fọ̀, gọ́tà ti kún, àgbàrá ti gun orí títì, ó sì yà sínú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi bí àlejò tí a ránṣẹ́ pè. Ó ń hó, ó ń ru, ó ru iyanrìn, ó ru ọ̀rá omi tútù, ó ru bàtà ẹsẹ̀ kan. Aṣọ ìgbéyàwó tí oníbàárà kan fi owó sílẹ̀ fún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti ọ̀dọ̀ ahunṣọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Pẹpẹ ti kún, nítorí náà ilẹ̀ ni ìyàwó mi tò ó sí. Nígbà tí a fi máa gbé e, aró pupa ti ṣàn wọ inú funfun. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Wákàtí méjì lẹ́yìn tí òjò dá, kò sí omi nílẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ nìkan ni ó kù, àti ìyàwó mi tí ó jókòó sórí àpótí, tí kò sunkún, tí kò sì sọ̀rọ̀.

Bí mo ti jáde, ojú mi lọ sí gọ́tà. Ewé ẹ̀kọ ni mo rí níbẹ̀, òkìtì rẹ̀, òun àti ọ̀rá, ó di ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì pinpin. Ẹni kan ṣoṣo ni ń ta ẹ̀kọ ní àdúgbò wa. Ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ó sì rẹlẹ̀ ju tiwa lọ díẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ tó bí mi lọ́mọ, ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìyá náà a máa fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀: "Tíṣà, ẹ kú àárọ̀. Tíṣà, ṣé ẹ jí dáadáa." Ní ọjọ́ yẹn, mo dúró sí ojúde rẹ̀, mo pariwo. Mo ní, "Ìwọ ni o ba ayé mi jẹ́." Ìwọ ni mo pè é, ẹ̀yin òǹkàwé, níṣojú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò bá mi fa ọ̀rọ̀. Ohun tí ó sọ kò ju "Tíṣà, mo gbọ́," lọ, ó sì wọlé. Láti ọjọ́ náà, a kò kí ara wa mọ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Magàjí àdúgbò. Wọ́n pàṣẹ kí a máa kó gọ́tà ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì kìlọ̀ fún Ìyá Ẹlẹ́kọ. N kò ní sọ pé ẹjọ́ tí mo rò jẹ́ irọ́ pátápátá. Pàǹtí a máa fa omíyalé. Àwọn ará Ìbàdàn kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa, tí kì í ṣe odò ńlá, kún nítorí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, tí wọ́n ti kọ́lé sí etí rẹ̀, tí wọ́n ti da pàǹtí sínú rẹ̀, tí ó wá gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan náà, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì lọ sí i. Nítorí náà ewé wà ní gọ́tà, òótọ́ ni. Ohun tí n kò bi ara mi ni pé kí ni ó mú omi tí ó pọ̀ tó báyẹn dé gọ́tà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ó jẹ́ pé gọ́tà kan náà ni, ewé kan náà sì ni, láti ogún ọdún wá.

Dípò kí n bi ara mi, mo yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Apá kan rẹ̀ ni a fi tún aṣọ ìgbéyàwó hun. Ahunṣọ náà fi òru ṣe é, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ìyàwó rí aṣọ ró. Apá kejì ni mo fi ra búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì. Mo mọ odi kúkúrú, búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ní gíga, yípo iwájú ilé. Mo da kankéré sí gbogbo àgbàlá láti ìpìlẹ̀ ilé dé ẹsẹ̀ ọgbà, títí kò fi sí ibi tí koríko lè hù. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Mo ń rìn lórí kankéré náà ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tí ó ti Mẹ́kà dé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, omi tún wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ó ṣe wọlé. Oòrùn ni ó ràn ní ọjọ́ náà. Ìyàwó mi tilẹ̀ sá aṣọ. Lẹ́yìn ìrun ìṣáì, ọmọ wa obìnrin lọ sí ẹ̀yìn ilé láti lọ bu omi, ó padà wá, ó ní, "Bàbá, oko ẹ̀fọ́ ti di odò." Mo ní oorun ni ó ń kùn ún. Nígbà tí a fi máa jí fún ìrun àsùbáà, omi ti wà ní ilé ìdáná, ó ń rọra gun òkè, kò pariwo, kò ru iyanrìn, àfi bí ìgbà tí a bá ń da omi sínú ìkòkò díẹ̀díẹ̀. Ó dé orúnkún. Odi mi kò wúlò rárá, nítorí iwájú ni mo mọ ọ́n sí, ẹ̀yìn ni omi sì gbà wọlé. Kàkà kí odi náà lé omi sẹ́yìn, ṣe ni ó há omi mọ́lé fún wa. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi sùn sí ọ̀dọ̀ àwọn àna mi ní Pákátà.

Gbogbo àdúgbò ni ó ń sọ pé wọ́n ṣí dáàmù. Èmi náà sọ ọ́. Mo ti ń wá ẹni tí n óò bá jà.

Ọmọ iléèwé mi àtijọ́ kan ti di ẹnjiníà omi. Ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa, ó sì wá kí mi. Kò tilẹ̀ jókòó tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè bí dókítà tí ń bi aláìsàn.

"Sà, iwájú ni ó gbà wọlé tàbí ẹ̀yìn?"

Mo ní ẹ̀yìn.

"Òjò ń rọ̀ nígbà náà?"

Mo ní rárá, oòrùn ni.

"Ó sáré wá tàbí ó rọra wá? Ó sì pẹ́ tó kí ó tó lọ?"

Mo ní ó rọra, ó sì lo ọjọ́ méjì.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sà, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa ní kíláàsì kẹfà pé odò kì í gbé omi ìlú tí ó wà nìkan. Òjò tí ó wọlé yín kò rọ̀ ní Ìlọrin."

Ó wá là á yé mi. Òjò ti rọ̀ púpọ̀ ní ìhà gúúsù, níbi tí Odò Asà ti ń bọ̀, ní ọjọ́ bíi méjì ṣáájú. Gbogbo odò kéékèèké tí ó wà lọ́nà ni ó kó omi wọn jọ, ó sì gba àkókò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ti dáàmù Asà tí ó wà ní gúúsù ìlú, ó ní omi mímu ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹni tí ó bá sì ń tọ́jú omi mímu fẹ́ kí ìkòkò òun kún ṣáájú ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ó bá ti di oṣù Kẹsàn-án, ìkòkò ti kún. Omi tí ó bá tún wọ inú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò dúró sí mọ́. Bí ó ti ń wọlé níbí ni ó ń jáde lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tí ó ṣí nǹkan kan.

Mo ní ṣùgbọ́n dáàmù a máa pa ènìyàn. Ó ní òótọ́ ni, kí n má kàn kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 2012, nígbà tí òjò pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ yìí, dáàmù Lagdo ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí wọ́n kọ́ sórí odò Bẹ́núè láàárín ọdún 1977 sí 1982, tú omi sílẹ̀ nítorí pé ó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Omi náà bá odò tí òun fúnra rẹ̀ ti kún. Ènìyàn 363 ni ìjọba kà tí ó kú ní orílẹ̀-èdè wa ní ọdún náà, àwọn tí ó sá kúrò nílé sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Dáàmù tí a fẹ́ kọ́ ní Adamáwá láti fi gba irú omi bẹ́ẹ̀ dúró kò tíì parí. Lẹ́yìn ọdún méjì sí ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ni dáàmù Alau já lẹ́bàá Maidúgúrì, tí omi gba ìlú kan, tí ó gbé àwọn ẹranko inú ọgbà jáde sí ìgboro. Ìyẹn ni pé dáàmù tí ó kún tí omi ń ṣàn gbà á kọjá jẹ́ ọ̀tọ̀, èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ tú jẹ́ ọ̀tọ̀, èyí tí ó já sì jẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní "wọ́n ṣí dáàmù" kò ní mọ ohun tí yóò bèèrè lọ́wọ́ ìjọba.

Ohun kan wà tí ó sọ tí ó wọ̀ mí lára jù, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fi kọ́ ọmọ. Odò Ọya a máa kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Èkíní ni ti òjò tí ó rọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà níbí, ó ń dé ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ títí di oṣù Kẹwàá, ó sì pọ́n fún ẹrẹ̀. Omi funfun ni wọ́n ń pè é. Èkejì ń bọ̀ láti orí òkè ilẹ̀ Gínì. Òjò tí ó rọ̀ níbẹ̀ ní ìgbà òjò yóò gba ilẹ̀ Málì kọjá, yóò tàn ká sínú àbàtà ńlá tí ó wà níbẹ̀, yóò fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, yóò kọjá ní etí aṣálẹ̀, yóò la orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ kọjá, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa láti oṣù Kọkànlá lọ títí di ìgbà ọyẹ́. Omi dúdú ni ti èyí, nítorí pé ó mọ́. Kí wọ́n tó parí dáàmù Káínjì ní ọdún 1968, àwọn ará Jẹ́bà àti Pàtégi a máa rí odò tí ó ń kún nínú ọyẹ́, nígbà tí ètè ń bó, tí kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run. Òjò oṣù Kẹjọ ọlọ́jà kan ní ilẹ̀ Gínì ni wọ́n ń rí yẹn. Mo ti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ fún ọdún 28, n kò mọ èyí.

N kò ní pẹ́ lórí omi kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí odò fà sẹ́yìn, ìyá mi tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ yàrá òun tutù. A rò pé ọmọ ni ó da omi sílẹ̀. A nù ún, ó tún rin. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, sìmẹ́ǹtì ti sán, omi tí ó mọ́ gaara ń sun láti ibẹ̀. Ìyá mi ní kí a ṣe sàráà, a sì ṣe é. Ẹnjiníà mi ní kí n lọ wo kànga. Kànga wa, tí mo ń so okùn gígùn sí korobá rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ti kún débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè na ọwọ́ bu omi inú rẹ̀. Àpáta líle ni ó wà lábẹ́ ìlú Ìlọrin, ilẹ̀ pupa àti iyanrìn tí ó wà lórí rẹ̀ kò sì jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Omi tí ó bá rin wọlẹ̀ kò rí ibi jíjìn lọ. Òjò tí ń rọ̀ níbí lọ́dún jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1,200, láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kẹfà, ebi omi ṣì ń pa ilẹ̀. Bí ó bá fi di òpin oṣù Kẹsàn-án, ó ti yó, ó sì ń pọ̀ ọ́. Kò sí odi tí a lè mọ fún irú omi yìí. Kòtò tóóró tí a gbẹ́ yípo ilé, tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí, tí ó jìn ju ilẹ̀ yàrá lọ, ni ó wo ìyẹn sàn.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni èyí tí ìyàwó mi kò fẹ́ kí n kọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, òjò ńlá rọ̀ ní òru. Mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wo ṣọ́ọ̀bù: ó gbẹ. Mo wo ilé ìdáná: ó gbẹ. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ odi mi, nígbà tí mo gbọ́ ohun tí ó dún gbì, tí obìnrin sì figbe ta. Ògiri yàrá kan ní ilé Ìyá Ẹlẹ́kọ ni ó wó. Ògiri alámọ̀ ni. Orí ẹní tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin máa ń sùn sí ni ó wó lé. Àrá ni ó dẹ́rù ba ọmọ náà ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú, ó dìde, ó sì lọ sùn ti ìyá rẹ̀ àgbà. Bí àrá kò bá sán, ẹ̀yin òǹkàwé, n kò mọ ohun tí n óò máa kọ lónìí.

Mo sáré lọ. Omi dé ìdajì ẹsẹ̀ mi nínú yàrá náà, ó sì ń ṣàn lọ́wọ́. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sókè láti wo ibi tí ó ti ń bọ̀. Igun ọgbà mi ni. Gbogbo òjò tí ó rọ̀ sórí òrùlé mi àti sórí kankéré mi ń sáré lọ sí igun kan, odi búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sì darí èyí tí ó ń ti títì bọ̀ mọ́ ọn, méjèèjì wá di ọ̀kan, wọ́n gba ẹsẹ̀ ògiri ìyá náà lọ. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Èmi gbà fún un, ilé onílé ni mo sì nà án sí.

Ilẹ̀ mọ́, n kò lè jẹun. Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Agolo kan wà tí ìdí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ dọ́gba, tí mo máa ń gbé síta láti fi kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń wọn òjò. Omi inú rẹ̀ ga ní mìlímítà 60. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan tí ó fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan ni. Ilẹ̀ wa gùn ní mítà 30, ó fẹ̀ ní mítà 15: ìyẹn 450. Ìlọ́po 60 rẹ̀ jẹ́ 27,000. Dúrọ́ọ̀mù ńlá kan ń gba lítà 200. Dúrọ́ọ̀mù 135 ni mo dà sí ẹsẹ̀ ògiri Ìyá Ẹlẹ́kọ ní òru kan. Kí n tó da kankéré, ilẹ̀ àgbàlá a máa mu lára rẹ̀, koríko a sì máa fà á sẹ́yìn kí ó má sáré. Ohun tí mo wá ti ń bi ara mi ní ti ọdún 2021 náà wá yé mi nígbà tí mo wo òkè àdúgbò wa: láàárín ọdún mélòó kan, gbogbo ilé tí ó wà lókè wa ni ó ti da kankéré sí àgbàlá wọn bíi tèmi. Gọ́tà kò yí padà. Omi tí a ń rán sí i ni ó di ìlọ́po.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Mókwà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ara mi bù máṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò Ìlọrin mọ Mókwà, ìlú ọjà tí ó wà níwájú bí a bá ti kọjá Jẹ́bà. Ní ìdájí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, omi gba ibẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn ń sùn. Òkú tí wọ́n kà lé ní 150, ọ̀pọ̀ ni wọn kò sì rí. Àwọn kan kọ́kọ́ sọ pé omi dáàmù ni. Òjò ni. Àwọn ará ìlú sọ pé omi òjò náà ti gbára jọ sí ẹ̀yìn ebè ọ̀nà réluwé, tí kò rí ibi tí ó tó gbà kọjá, títí ebè fi já tí gbogbo rẹ̀ sì tú lé wọn lórí. Ẹni tí ó mọ ebè náà kò gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni. Èmi náà kò gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni.

Mo bẹ Magàjí kí wọ́n tẹ̀ lé mi. A dé ilé Ìyá Ẹlẹ́kọ lẹ́yìn ìrun àsárì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Omi mi ni ó wó ilé yín."

Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ní ọjọ́ ti ewé, ẹ kò ní kí n wá ká jọ wò ó. Ẹ kàn dájọ́ ni." Magàjí fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá náà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ dìde, ká jọ lọ wo èyí."

A jọ lọ wò ó, òun, èmi àti Magàjí, pẹ̀lú ọmọkùnrin tí ògiri ìbá wó pa, tí ó di ìró ìyá rẹ̀ àgbà mú. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni ó fi igi fà á sílẹ̀ níbi tí omi ti máa ń gbà ní ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ, kí ilé wa tó wà níbẹ̀. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ìlà tí ó fà náà ni ẹnjiníà mi wá fọwọ́ sí nígbà tí ó gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ rẹ̀ dé.

Mo tún ògiri náà mọ, búlọ́ọ̀kù ni mo fi mọ ọ́n ní ìgbà yìí. Mo fọ́ kankéré ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní fífẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, koríko sì ti hù síbẹ̀. Mo dá odi náà lu ní ojú ìlà tí ìyá fà, kí omi lè bá ibẹ̀ dé gọ́tà. Omi òrùlé ń lọ sínú táǹkì méjì, ìyàwó mi ń fi fọ aṣọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí aṣọ kan tí ó sún mọ́ ilẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ mọ́. Ní ti odò, n kò lè dá a dúró. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, a ń kó ẹrù ẹ̀yìn ilé lọ sókè, mo sì ń ka ìkìlọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń wo ọ̀rọ̀ odò máa ń gbé jáde lọ́dọọdún. Mo ní arákùnrin kan ní ìhà gúúsù odò. Bí òjò bá pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, yóò tẹ̀ mí láago.

Ìyá Ẹlẹ́kọ kò fi ewé sí gọ́tà mọ́. Àpò ni ó ń kó o sí. Òun ni ó sì ń ṣọ́ àpò tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo wà nínú ilé, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà: "Tíṣà! Ẹ jáde wá o. Omi ti dé ojú ihò, iyanrìn fẹ́ dí i." Mo mú agbòjò, mo mú ṣọ́bìrì. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, ìyá ti gbé aṣọ sókè dé orúnkún, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fi ọwọ́ kó iyanrìn, omi sì ti ń wọ gọ́tà lọ.